Ọkọ tí kò na ìyàwó rẹ̀ rí: kí ni Nora ń sá fún?

Ìyàwó ilé kan ló kọ̀wé sí mi. Mo gé ìbéèrè rẹ̀ kúrú díẹ̀: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọkọ mi jọ ka A Doll's House, eré oníṣe tí Henrik Ibsen, ará Nọ́rwèy, kọ, torí pé òun ni ẹgbẹ́ òǹkàwé wa ń kà lọ́wọ́. Àríyànjiyàn ló dá sílẹ̀ nínú ilé. Gbogbo ibi tí mo yẹ̀ wò ni wọ́n ti ní ìnira obìnrin nílé ọkọ ni eré náà dá lé. Ọkọ mi ní kí n fi ìnira ọ̀hún han òun. Ó ní Torvald kò na Nora, kò febi pa á, kò fẹ́ obìnrin lé e, owó ló tún ń fún un, síbẹ̀ Nora fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọkàn mi sọ fún mi pé nǹkan kan kù díẹ̀ káàtó nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n n kò rí èsì fún un. Ta ló jàre nínú wa?”

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé, ẹ sì bá mi kí bàálé yín. Ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe ìbéèrè òpè. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ni ní eré oníṣe, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì ti darí eré yìí gan-an lórí ìtàgé. Kò sí ọdún kan tí ẹnìkan kì í dìde ní kíláàsì láti bi mí ní ohun tí ọkọ yín bi yín, àwọn obìnrin náà sì ń bi mí. Nítorí ẹni tí kò tíì kà á, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní ṣókí. Nora ni ìyàwó Torvald Helmer, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe ọ̀gá báǹkì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbéyàwó wọn, àìsàn dá Torvald wólẹ̀, dókítà sì sọ fún Nora pé bí kò bá lọ sí ilẹ̀ tó móoru, yóò kú. Nora yá 4,800 kroner lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Krogstad, ó gbé ọkọ rẹ̀ lọ sí Ítálì fún ọdún kan, ara rẹ̀ sì yá. Ó purọ́ fún un pé bàbá òun ló fún àwọn lówó. Ìwé gbèsè yẹn nílò onídùúró, Nora bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ bàbá rẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, Krogstad ti fẹ́ pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ ní báǹkì Torvald, ó sì ń fi ìwé náà halẹ̀ mọ́ Nora.

Ohun tó mú ọkọ yín ṣìnà ni pé ó ti gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ kó tó ṣí ìwé: lílù, ebi, obìnrin ìta. Bí kò bá ti rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó gbà pé àlàáfíà wà. Ibsen mọ òṣùwọ̀n yẹn dáadáa, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ yọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò ni. Ká ní ọ̀mùtí tó ń lu ìyàwó ni Torvald, gbogbo ọkọ tó jókòó ní tíátà ì bá ti sọ nínú ara rẹ̀ pé “èmi kọ́ nìyẹn o,” wọn ì bá sì lọ sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ bá mi padà sí àwọn ojú ewé àkọ́kọ́. Àìsùn Kérésìmesì ni. Nora ti ọjà dé, ó ń kọrin lábẹ́ ẹnu, ó yọ bisikíìtì aládùn kan tí wọ́n ń pè ní macaroon nínú àpò, ó jẹ ọ̀kan, ó jẹ èkejì, ó wá yọ́ lọ tẹ́tí sí ilẹ̀kùn yàrá ìwé ọkọ rẹ̀. Torvald ké láti inú: ṣé ẹyẹ òun tó ń kọrin ni òun ń gbọ́ yẹn? Ṣé ọ̀kẹ́rẹ́ òun ló ń sá kiri? Kíá, Nora ti macaroon bọ àpò, ó nu ẹnu. Ọlọ́mọ mẹ́ta, ọdún kẹjọ nílé ọkọ, ó ń nu ẹnu kí ọkọ má baà mọ̀ pé òun jẹ bisikíìtì, torí pé ọkọ ti kà á léèwọ̀ fún un nítorí eyín rẹ̀. Lẹ́yìn náà Torvald jáde, ó ṣe ìwàásù fún un lórí ìnáwó àti gbèsè, Nora fajú ro, ọkọ bá yọ àpò owó: “Nora, kí lo rò pé ó wà lọ́wọ́ mi yìí?” Nora yíjú padà kíá: “Owó!” Ó gbà á, ó ń kà á: mẹ́wàá, ogún, ọgbọ̀n, ogójì. Bí mo bá ń darí ibẹ̀ yẹn, n kì í jẹ́ kí òṣèré mi yára ka owó náà. Kí ó kà á bí ọmọdé ṣe ń ka súìtì. Ẹni tó jókòó níwájú ìtàgé á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nítorí pé ó dùn ún wò. Kò sí ìkà kankan níbẹ̀. Ìfẹ́ ni, ìfẹ́ tòótọ́ pẹ̀lú, irú ìfẹ́ tí èèyàn fi ń sin ẹyẹ nínú àgò.

Ibsen kọ́ ló kọ́kọ́ fi èyí han ayé. Ní nǹkan bí 1590 sí 1594, Shakespeare kọ The Taming of the Shrew, níbi tí Petruchio ti sọ ní gbangba pé dúkìá òun ni Katherina: ilé òun ni, oko òun, abà òun, ẹṣin òun, màlúù òun, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ òun. Petruchio náà kò na ìyàwó rẹ̀. Ohun tó ṣe ni pé bí wọ́n bá gbé oúnjẹ dé, ó ní ẹran ti jóná, kò yẹ irú ìyàwó òun. Bí wọ́n bá tẹ́ ibùsùn, ó ní wọn kò tẹ́ ẹ dáadáa, ó tú u ká. Ebi ń pa obìnrin, kò rí oorun sùn, ọkọ sì ń búra pé ìtọ́jú ni òun ń tọ́jú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló yíjú sí àwọn òǹwòran tó ní ọ̀nà tí a ń gbà fi oore pa ìyàwó nìyí. Bí ẹ bá tún fẹ́ lọ sẹ́yìn sí i, Medea tí Euripides gbé jáde ní Gíríìsì ní ọdún 431 ṣáájú Kristi ti sọ ọ́ láìfi bò: a fi owó gọbọi ra ọkọ, ẹni tí a rà tún di olúwa lórí ara wa, wọ́n wá ní ilé tó ní ààbò la jókòó sí. Ó ní ó sàn fún òun kí òun di apata mú lójú ogun nígbà mẹ́ta ju kí òun rọbí lẹ́ẹ̀kan lọ. Nítorí náà, bí ọkọ yín bá ní kí n fi ìnira han òun, ibi tí n óò kọ́kọ́ tọ́ka sí ni ẹnu Torvald nígbà tó bá ń dùn jù.

Ṣùgbọ́n ẹnu dídùn nìkan kò lè de èèyàn mọ́lẹ̀. Òfin ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ibí yìí ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé òde òní kì í kíyè sí. Ní Nọ́rwèy ìgbà náà, láti 1863 ni obìnrin tí kò lọ́kọ, tó bá ti pé ọmọ ọdún 25, ti di àgbà lójú òfin gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin. Ọjọ́ tó bá wọlé ọkọ ni òfin tún sọ ọ́ di ọmọdé. Ọkọ ló ń ṣàkóso owó, ìyàwó kò sì lè dá yá owó láìjẹ́ pé ọkọ fọwọ́ sí i. Kristine Linde, ọ̀rẹ́ Nora, sọ bẹ́ẹ̀ gan-an fún un nínú ìpín kìíní. 1888 ni òfin tó dá ẹ̀tọ́ àgbà padà fún obìnrin tó lọ́kọ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí eré náà jáde. Ẹ wò ó, obìnrin kan ṣoṣo tó ń dá ṣe ìpinnu ara rẹ̀ nínú eré náà, opó ni, ìyẹn Kristine fúnra rẹ̀. Ẹ wá fi ojú yẹn wo ayédèrú ìbuwọ́lùwé Nora. Kò lè yá owó lórúkọ ara rẹ̀. Dókítà ní kó má jẹ́ kí ọkọ mọ bí àìsàn náà ti le tó. Ọkọ ọ̀hún kò fẹ́ gbọ́ orúkọ gbèsè. Bàbá rẹ̀ sì wà lórí ìdùbúlẹ̀ ikú. Bàbá náà kú ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ kejì oṣù Kẹwàá ló sì wà lábẹ́ orúkọ rẹ̀ lórí ìwé. Àṣìṣe ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni Krogstad fi mú un. Nígbà tó sọ fún Nora pé òfin kì í béèrè ìdí tí èèyàn fi ṣe nǹkan, Nora dáhùn pé a jẹ́ pé òfin burúkú ni.

Ó san gbèsè náà díẹ̀díẹ̀, láti ara owó aṣọ àti owó oúnjẹ. Lọ́dún kan ó rí iṣẹ́ dída ìwé kọ, ó ti ara rẹ̀ mọ́lé lálaalẹ́ títí òru fi jìn. Ó sọ fún Kristine pé ó rẹ òun púpọ̀, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ òun láti jókòó ṣiṣẹ́ gba owó, ó ń ṣe òun bí ẹni pé ọkùnrin ni òun. N kò mọ gbólóhùn tó dùn mí jù yẹn lọ nínú gbogbo eré náà, ọ̀pọ̀ òṣèrébìnrin ló sì ń sáré kọjá lórí rẹ̀.

Bí ọkọ yín bá ní ìtàn àròsọ ni, ẹ sọ fún un nípa Laura Kieler. Òǹkọ̀wé ni, Ibsen mọ̀ ọ́n, ó tilẹ̀ máa ń pè é ní ẹyẹ olórin. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ń ṣe ọkọ rẹ̀, Laura yá owó ní ìkọ̀kọ̀, ó gbé e lọ sí Ítálì, ọkọ sì gbádùn. Nígbà tí gbèsè há a mọ́gun, ó fi ìwé kan tó kọ ránṣẹ́ sí Ibsen ní 1878 kó bá òun sọ ọ̀rọ̀ rere níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé. Ibsen kọ̀, ó ní ìwé náà kò dára tó. Laura ṣe ayédèrú, àṣírí tú, ọkọ rẹ̀ sì mú un lọ sí ilé àwọn wèrè, wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó padà sílé ọkọ náà. Ní 1879 ni Ibsen gbé Nora jáde. Ẹ ò rí i pé ẹni gidi náà kò rí ilẹ̀kùn kankan jáde. Inú Laura kò sì dùn sí eré yẹn rárá, nítorí pé àwọn èèyàn tètè mọ̀ pé òun ni. Mo fẹ́ràn Ibsen, ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nínú ọ̀rọ̀ obìnrin yìí.

Ó ku ìpín kẹta, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí ọkọ yín dúró pẹ́ sí. Lẹ́tà Krogstad wà nínú àpótí lẹ́tà, Torvald nìkan ló sì ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Nínú ilé ara rẹ̀, Nora kò lè ṣí àpótí lẹ́tà. Torvald bá píìnì irun tó kán nínú àgádágodo, ó ní ti Nora ni. Nora ní bóyá àwọn ọmọ ni. Torvald ka lẹ́tà. Kò bèèrè bí ó ṣe jẹ́. Alágàbàgebè, òpùrọ́, ọ̀daràn, gbogbo rẹ̀ ló pè é. Ó ní ìwà bàbá rẹ̀ ló jogún. Ó ní kò gbọdọ̀ tọ́ ọmọ mọ́, ṣùgbọ́n kó máa gbé inú ilé kí ará ìta má baà mọ̀. Lẹ́tà kejì dé: Krogstad ti yọ̀ǹda ìwé gbèsè. Torvald kígbe pé, “Mo ti bọ́! Nora, mo ti bọ́!” Nora ní, “Èmi ńkọ́?” Ó ní, “Ìwọ náà, ó dájú.” Àárín “mo” àti “ìwọ náà” yẹn ni ìdáhùn sí ìbéèrè ọkọ yín wà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó ti dárí jì í, ó sì ń ṣàlàyé fún un bí ìdáríjì ṣe ń mú kí ìyàwó di ti ọkọ ní ìlọ́po méjì, tó fi di ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ pa pọ̀. Kò pariwo níbi tó ti sọ èyí. Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo darí eré yìí, mo bà á jẹ́. Mo ní kí Torvald máa jágbe láti ìbẹ̀rẹ̀, kó máa na ìka sí Nora lójú. Àwọn èèyàn kórìíra rẹ̀ láti ìṣẹ́jú karùn-ún, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Nora nígbà tó ń lọ, kò sì sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́. Ìgbà kejì, mo wá ọkùnrin tí gbogbo èèyàn fẹ́ràn, ẹlẹ́rìn-ín, onísùúrù, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dún nílẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó wá wò ó bá a rẹ́rìn-ín nínú ìpín kìíní. Nígbà tó di ìpín kẹta, ilé pa lọ́lọ́. Ọkùnrin kan bá mi lẹ́yìn eré, kò bínú, ó kàn ní òun náà máa ń sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn nílé. Ó fi mí sílẹ̀ níbẹ̀, ó bá ìyàwó rẹ̀ lọ.

Ti àwọn ọmọ ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọkọ yín ti lágbára jù, n kò sì ní fojú kéré rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe eré náà ní Copenhagen, ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá 1879, ni ibẹ̀ ti ń kọ àwọn èèyàn lọ́rùn. Ní Jámánì, òṣèrébìnrin olókìkí kan, Hedwig Niemann-Raabe, kọ̀ jálẹ̀ láti ṣe ìparí náà, ó ní òun kò ní fi ọmọ òun sílẹ̀ láé. Kò sí òfin tó dáàbò bo iṣẹ́ Ibsen níbẹ̀, kí ẹlòmíràn má baà bà á jẹ́ kọjá bó ṣe yẹ, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìparí mìíràn, níbi tí Torvald ti fa Nora lọ sí ẹnu ọ̀nà yàrá àwọn ọmọ, tí Nora sì ṣubú lulẹ̀, tí kò lè lọ mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló pe ìparí yẹn ní ìwà ẹhànnà sí eré òun. Lẹ́yìn náà, ní 1881, ó kọ Ghosts nípa Ìyáàfin Alving, obìnrin tó sá jáde nílé ọkọ lẹ́yìn ọdún kan péré, tí àlùfáà sì dá a padà pé ojúṣe rẹ̀ nìyẹn. Ó dúró. Ó bo oníṣekúṣe ọkọ rẹ̀ láṣìírí títí ọkọ fi kú. Ọmọ tó tìtorí rẹ̀ dúró padà wálé pẹ̀lú àrùn tó jogún lára bàbá. Bí ẹgbẹ́ yín bá fẹ́ jiyàn dáadáa lórí ọmọ, ẹ ka eré méjèèjì tẹ̀ léra.

Ẹ tún wo Anne-Marie, ìyá tó ń bá Nora tọ́ ọmọ. Òun ló tọ́ Nora fúnra rẹ̀ dàgbà. Kó tó lè gba iṣẹ́ yẹn, ó fi ọmọ tirẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn àjèjì, torí pé tálákà ni, wọ́n sì ti bà á láyé jẹ́. Nora bi í bí ọkàn rẹ̀ ṣe gbà á. Ó ní ọmọ náà kọ lẹ́tà sí òun o, nígbà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú ìjọ àti nígbà tó lọ́kọ. Lẹ́tà méjì. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe Anne-Marie ní ìyá burúkú, bẹ́ẹ̀ òun náà fi ọmọ sílẹ̀. Owó ló lé e jáde, kò sì pariwo ilẹ̀kùn bí Nora ṣe ṣe nígbà tó ń lọ.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ọkọ yín ti rí Nora dáadáa. Irọ́ kún ẹnu rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní àwọn tí èèyàn bá jẹ ní gbèsè kò kan òun, àjèjì ni wọ́n. Ó lo Dókítà Rank, ọ̀rẹ́ ilé wọn tó ń kú lọ, ó fi ìbọ̀sẹ̀ ṣeré níwájú rẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ tọrọ owó. Ẹni tí wọ́n bá tọ́ bí ọmọláńgidi á gbọ́n bí ọmọláńgidi. Ọgbọ́n ẹ̀tàn ni yóò mọ̀. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi sọ fún Torvald pé òun kò tíì lè tọ́ ọmọ, àfi kí òun kọ́kọ́ tọ́ ara òun. Ẹ lè ní àwáwí ni. N kò lè búra pé kì í ṣe àwáwí, nítorí pé eré parí síbi tí ilẹ̀kùn ti dún nísàlẹ̀, kò tẹ̀ lé e dé ìta. Torvald náà kì í ṣe ẹranko. Ó ní òun yóò yí padà, ó sì lè jẹ́ òótọ́ ni, ṣùgbọ́n aṣọ ò bá Ọmọyẹ mọ́. Ibsen pàápàá kò fẹ́ kí wọ́n sọ òun di agbẹjọ́rò ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ẹgbẹ́ ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin ní Nọ́rwèy ṣe àpèjẹ fún un ní 1898, ó ní òun kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣiṣẹ́ fún ẹ̀tọ́ obìnrin, ẹ̀dá ènìyàn ni òun ń ṣàpèjúwe. Síbẹ̀, ní 1884, ó ti bá wọn fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi béèrè pé kí obìnrin tó lọ́kọ ní ẹ̀tọ́ sí dúkìá ara rẹ̀, ó sì kọ̀wé pé bíbi àwọn ọkùnrin léèrè lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dà bí ìgbà tí èèyàn ń bi ìkookò bóyá ó fẹ́ kí ààbò àgùntàn pọ̀ sí i.

N kò ní bá yín dájọ́ ẹni tó jàre nínú ẹ̀yin méjèèjì. Ìwé ni mo mọ̀, n kò mọ ilé yín. Ohun kan wà tí mo máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ṣe. Ẹ jókòó sórí tábìlì lálẹ́ ọjọ́ kan, kí ọkọ yín ka ti Nora sókè, kí ẹ̀yin ka ti Torvald, láti ibi tó ti ké láti inú yàrá títí dé ibi tó ti bi í bóyá kò yà jẹ macaroon lọ́nà. Ẹ má ṣe yára. Kí ó ka owó náà tán, mẹ́wàá, ogún, ọgbọ̀n, ogójì, kí ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín bí Nora ṣe dúpẹ́. Ẹ kọ̀wé sí mi bí ẹ bá ṣe é.